Ife Tíì Kan Nínú Oko Kajú Létí Òkun Íńdíà

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa láti Thamesmead nílùú òyìnbó lọ sí Abbey Wood, torí reluwé ò dé àdúgbò tiwa. Ẹ má rò pé fàájì ni mo gba leave lẹ́nu iṣẹ́ care fún o. Oko kajú tí bàbá mi fi sílẹ̀ n'Íjẹ̀bú kò so mọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ tà á fún àwọn tó ń kọ́lé. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Sunítà, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich, ló sọ fún mi pé bàbá òun máa ń sọ ògbólógbòó igi kajú di ọ̀dọ́ ní abúlé wọn létí òkun ní Íńdíà. Ó ń lọ kí wọn nílé, ni mo bá tẹ̀ lé e.

Nígbà tá a bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, kẹ̀kẹ́ Marúwá la wọ̀, irinwó rúpì. Ilẹ̀ pupa, àgbọn lọ́tùn-ún, àgbọn lósì, bí ẹni ń lọ sí Badagry. Kajú náà ni wọ́n ń pe kajú níbẹ̀! Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ lókò bíi tiwa. Àfi kó fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún ń fi omi èso rẹ̀ pọn ọtí tí wọ́n ń pè ní féní, èyí tí èmi ò fẹnu kàn.

Bàbá Sunítà ṣa kajú mẹ́ta fún mi, mo jẹ ẹ́, omi rẹ̀ ń ro sí mi láyà. Ibẹ̀ ni ìyá Sunítà ti gbé tíì dé, wàrà kún inú rẹ̀ bámúbámú. Yéè! Ta ni ò mọ̀ nílé wa pé ẹni tó jẹ kajú tó mu wàrà, ikú ló ń wá? Mo ní, "Rárá o, ẹ ṣeun." Ojú bàbá yí padà, wọ́n sọ̀rọ̀ kan lédè wọn, wọ́n sì wọlé lọ.

"Auntie," ni Sunítà wí, "wọ́n rò pé ẹ kórìíra ife wa ni. Wọ́n ní ẹni tí kò lè mu tíì àwọn, kí ló fẹ́ kọ́ lọ́wọ́ àwọn?"

Ṣé ife tíì ni yóò wá gba oko bàbá mi lọ́wọ́ mi? Mo sáré wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, Sunítà ń túmọ̀ rẹ̀. Bàbá gé kajú jẹ, wọ́n gbé tíì, wọ́n dà á mu.

"Láti kékeré ni mo ti ń ṣe é," ni wọ́n wí, "mi ò tíì kú."

Mo ṣe Bísímílà, mo mu tèmi. Mo jókòó, mo ń retí ikú. Ìyá tún bu òmíràn sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mú mi wọ oko. Wọ́n ní kí a gé igi tó ti gbó kó kù mọ níwọ̀n ìbàdí. Tó bá rú ẹ̀ka tuntun, kí a la orí ẹ̀ka náà, kí a ki ọ̀mùnú igi tó ń so dáadáa bọ̀ ọ́, kí a fi ọ̀rá dì í. Igi tiwọn gan-an ni wọ́n ní kí n fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bà á jẹ́, wọn ò gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó dára.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi nìyí: kì í ṣe gbogbo ohun tí bàbá mi fi dẹ́rù bà wá ló jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n oko tí wọ́n fi sílẹ̀, òótọ́ ni.

Mo dé Thamesmead, mi ò tíì bọ́ kóòtù tí mo fi pe ẹ̀gbọ́n mi. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní, "Igi wo la máa kọ́kọ́ gé?"