Ta Ló Gbẹ́ Ẹsẹ̀ Òkè Tó Wó Lu Bàbá Matthias?

Òkè wó lu Bàbá Matthias Ajíbádé ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n sì kú. Ewúrẹ́ tí wọ́n lọ gbà là kò kú. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ilé wa. Mi ò bá a jà. Ṣé òun ló gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè ni?

Bíríkìlà ni Bàbá. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi mọlé ní Àbíjàn, wọ́n sì kó Faransé bọ̀ wálé. Bí wọ́n bá rí ògiri tó wọ́, wọn a pariwo, "Sé pa sérié!", ìyẹn ni pé eré lásán lèyí. Bí ọbẹ̀ kò bá níyọ̀, "Sé pa sérié!" Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìwàásù bá ti gùn jù, a ó gbọ́ ọ láti ìjókòó ẹ̀yìn.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn típà bẹ̀rẹ̀ sí í kó yẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ òkè tó wà létí odò wa. Bàbá wò wọ́n títí. "Ẹ gé e lẹ́sẹ̀ tán, ẹ wá fẹ́ kó dúró?" Bàbá kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omíyalé, èmi ni mo bá wọn tẹ èyí tó kẹ́yìn. Èsì kan ṣoṣo ló dé: kí wọ́n mú fọ́tò òkè náà wá, pásípọ́ọ̀tù méjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni òkè ṣe ń ya pásípọ́ọ̀tù? Ṣé kó ṣí fìlà ni? Ṣé kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn?

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ jẹ́ n lọ wá táì fún un."

Oṣù Kẹsàn-án dé, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, odò kún dé ẹ̀yìnkùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Bàbá rí i pé ilẹ̀ ti lanu lókè ilé Sàfúrátù, aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n fọ̀pá gbá ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Sàfúrátù, kó àwọn ọmọ jáde!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ìyàwó ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ yìí. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á."

"Bí òkè bá wá gbà á lónìí ńkọ́?"

Ó kó ọmọ mẹ́ta, ó gbé ẹ̀rọ karí, ó sá. Ó ti sọdá títì kó tó rántí pé ewúrẹ́ rẹ̀ wà lórí ìso. Ó fẹ́ padà. Bàbá dì í mú. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ká ṣòkòtò sókè, wọ́n wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Wọ́n tú ewúrẹ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ kọ̀, kò lọ. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Faransé bú u. Wọ́n gbá a nídìí, ó fò jáde. Ìgbà náà ni òkè ya lulẹ̀.

"Wọ́n ní kí n má padà torí mo lọ́mọ," Sàfúrátù, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, sọ fún mi. "Àwọn náà ṣáà lọ́mọ."

A sin wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ kejì ni ọ́fíìsì dé pẹ̀lú pátákó ńlá kan: AFÁRÁ ÌRÁNTÍ MATTHIAS. Wọ́n rì í mọ́ etí odò, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wọkọ̀. Kò sí afárá níbẹ̀! Kò tíì sí rí! Ọmọ òkú ṣì ń fi ẹsẹ̀ la odò kọjá lọ síbi sàréè bàbá rẹ̀, ẹ̀yin ń pàtẹ́wọ́ fún pákó?

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní ọ́fíìsì. Ta ló fọwọ́ sí i pé kí típà máa gbẹ́ òkè náà? Ta ló ka lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò gbé ẹsẹ̀? A fẹ́ orúkọ wọn, a sì fẹ́ kí wọ́n wá dúró níwájú àwọn ọmọ Bàbá kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ilé mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù lábẹ́ òkè yẹn, èèyàn ń sùn nínú gbogbo wọn. Ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀ kí òjò tó tún ṣú.