Ojú Ọ̀gán Wa ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Mo ń fá irùngbọ̀n mi nínú yàrá mi ní Ìkòròdú, rédíò ará ilé kejì sì ń sọ̀rọ̀ wọlé láti ojú fèrèsé. Ọmọkùnrin tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá ní wọ́n ti tún na ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, wọ́n sì ti já wálẹ̀ sí ìsọ̀rí tó kéré sí èyí tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ wá bi í pé, "Ṣé àwa náà ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ni?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Orin ni wọ́n fi tẹ̀ lé e.

Abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lẹ́rẹ̀kẹ́. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé àwo oúnjẹ ni òun fi ń mọ̀ tí inú bá ń bí mi, torí n kò ní wí nǹkan kan, n óò kàn rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, bóyá ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò mọ̀ fún yín.

Eré náà kò ṣòro. Igi mẹ́ta ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan láti bi igi náà ṣubú, ẹnì kejì á mú pátákó lọ́wọ́, á máa fi gba igi náà sílẹ̀. Ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù náà ń bà kó tó dé ọ̀dọ̀ onípátákó ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, bọ́ọ̀lù á kú síbẹ̀. Bó bá kún fún òkúta, á fò mọ́ èèyàn lójú.

Agbowa ni wọ́n bí mi sí, oko ni mo sì kọ́kọ́ mọ̀. Ọwọ́ mi ti le bí ẹ̀yìn ahun kí bàbá mi tó gbà kí n lọ sílé ìwé. Nígbà tí mo fi dé ilé ìwé girama ní Ẹ̀pẹ́, irùngbọ̀n ti ń hù ní àgbọ̀n mi, àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì sì ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Tíṣà tuntun kan tilẹ̀ kí mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó rò pé ọmọ mi ni mo wá wò. Nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ̀, wọ́n ní kí n máa dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta náà, kí n máa hán bọ́ọ̀lù tó bá kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Súlé.

Ọmọ apẹja ni Súlé, ilé wọn kò jìnnà sí Ọjà Olúwo. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da àwọ̀n kó tó mọ̀wé kà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ju bọ́ọ̀lù. Apá rẹ̀ á yí po wọ́ọ́rọ́wọ́, bọ́ọ̀lù á balẹ̀, á yà bí ẹja tó rí òjìji. Ọ̀gá tó mú pátákó á wẹ̀yìn, igi ti wó. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi," ni Súlé máa ń wí, bí ẹni ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èmi ni mo ń hán ohun tó bá jù, nítorí náà a di ọ̀rẹ́ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àwa la ṣe ilẹ̀ tí a ń gbá a lé. Bí a bá ń ti ìsinmi ìgbà ọyẹ́ bọ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ru ilẹ̀ ọ̀gán wá láti ìlú rẹ̀, ilẹ̀ tí ikán fi mọ òkìtì, èyí tí òjò kì í tètè fọ̀. Tiwa láti Agbowa ṣókùnkùn, ti àwọn ọmọ Ìmọ̀ta pupa bí epo. "Ọ̀gán yín yìí, ṣé ikán ló mọ ọ́n àbí èkúté?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń bú ara wa. A ó fọ́ ọ kúnná, a ó sẹ́ ẹ, a ó pò ó bí ẹni fẹ́ mọlé, a ó sì tẹ́ ẹ lé èyí tí a ṣe ní ọdún tó kọjá. Nígbà náà la ó kúnlẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a ó máa fi igi pẹlẹbẹ lù ú bí àwọn ìyá wa ṣe ń lu ilẹ̀ ilé, títí yóò fi máa dán. Àwọn tó ṣíwájú wa ti lu tiwọn, a sì lu tiwa lé e. Ojú Ọ̀gán là ń pè é. Ewúrẹ́ ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa gba orí rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan tó ṣì tutù, a sì mú un so títí ìyá náà fi wá bẹ̀ wá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹran inú ọbẹ̀ wa kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti tẹ́lẹ̀ gan-an, ojú lásán kò lè rí i.

Lórí ilẹ̀ yìí ni àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá wa ti kọ́ eré tí wọ́n fi wọ ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ará Ghánà wá bá wa gbá a ní Èkó, ilé ìwé kó wa lọ wò ó. Ohun tí mo rántí kò pọ̀: aṣọ funfun lára gbogbo wọn, oòrùn, Súlé tó kọ̀ tí kò jẹun, tó kàn ń wo apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Àwa la borí. Bí a ṣe ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀, Súlé ní, "Bàbá Kíláàsì, èmi náà máa jù ú fún wọn."

Kò rí i jù fún wọn. Bàbá rẹ̀ kú, ó sì ní láti tètè wáṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó padà di tíṣà nílé ìwé wa yẹn gan-an, ó sì fi sọ́kàn pé bí òun kò bá dé inú ẹgbẹ́ Nàìjíríà, ọmọ tí òun kọ́ yóò dé ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé nìyẹn. Kò fẹ́yàwó, kò kọ́lé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn, ó pè mí. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní òun ti rí àwọn ọmọ tó lè jù ú, pé lọ́dún tó ń bọ̀ wọn yóò lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣa ọ̀dọ́ sínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ náà ti ń jó àjórẹ̀yìn nígbà yẹn. Àwọn tí à ń nà tẹ́lẹ̀ ti ń nà wá.

Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ pinnu láti kọ́ gbọ̀ngàn ńlá fún ilé ìwé. Alága wa ni ẹni tí à ń pè ní Odi, torí nígbà tiwa, bó bá ti mú pátákó, bọ́ọ̀lù kì í kọjá lára rẹ̀. Òun ló na ìka sí Ojú Ọ̀gán pé ibẹ̀ ni kí ilé náà wà.

"Odi," Súlé ní, "ìwọ náà?"

"Súlé, fi mí sílẹ̀ jàre. Ta ló ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì mọ́? Bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó làwọn ọmọ mi ń wò."

"Àwọn tèmi ń gbá a. Wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣà wọ́n."

"Ilẹ̀ ṣáà nilẹ̀. Kó wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

"Ó dáa. Kọ́ ilé tìẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Odi kò rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ní ilẹ̀ gbalasa wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí. Wọ́n ní ẹni tó bá ń kọjá lójú títì kò ní rí i níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi pa Ojú Ọ̀gán nìyẹn: kí ẹni tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lè rí orúkọ ẹgbẹ́ wa lára ògiri. Wọ́n ní kí a nawọ́. Ọwọ́ àwa tí a kọ̀ ọ́ kò pọ̀. Àwọn ọwọ́ tó kù, mo wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tó bá mi lu ilẹ̀ náà ni.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, dígà wọn ń ta padà. Agbaṣẹ́ṣe tó kó wọn wá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo agbègbè yìí, pé kò sídìí láti walẹ̀ jìn. Inú Odi dùn. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni." Mo wò ó títí, mo rò pé ó ń ṣàwàdà.

Súlé kó àwọn ọmọ lọ sórí sìmẹ́ńtì níwájú kíláàsì. Lórí sìmẹ́ńtì, bọ́ọ̀lù kì í yà, ńṣe ló ń fò. Kí ó má baà fọ́ fèrèsé, wọ́n sọ ọ́ dàṣà láti máa jù ú rọra. Nígbà tí wọ́n wá dé ibi ìṣàyàn, ọwọ́ wọn ti mọ́ irú ìyẹn. Bọ́ọ̀lù wọn ń lọ bá onípátákó jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àna, onípátákó sì ń nà án síbi tó wù ú. Wọn ò mú ẹyọ ẹnì kan. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ní, "Tíṣà, ta ló kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí?" Súlé ní, "Èmi ni, sà."

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìjọba ló ba ẹgbẹ́ wa jẹ́. Ìjọba jẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a nawọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbá a nígbà tiwa, ìsọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, tàbí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. A ò lè wó ilé ìdáná tán, ká tún máa bínú pé ọbẹ̀ kò jinná.

Lóṣù tó kọjá ni Súlé fẹ̀yìn tì. Inú gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ti ṣe ìdágbére fún un. Látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, kò wọ ibẹ̀ rí. Bí ìpàdé bá wà, abẹ́ igi mángòrò lóde ló ń dúró sí. Lọ́jọ́ yìí, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní, "Bàbá, ẹ wọ bàtà yín o, kì í ṣe mọ́sáláásí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Súlé gbé bàtà rẹ̀ dání, ó wọlé.

Ọ̀dọ́ náà kò lè mọ̀. Nígbà tiwa, bàtà kì í dé Ojú Ọ̀gán. Ì báà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ì báà jẹ́ àlejò láti Èkó, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́.

Mo bọ́ tèmi náà. Táìlì náà tutù. Eré ti lọ, aṣọ funfun ti lọ, àwọn tó ń fi ọ̀gán bú ara wọn ti lọ. Ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀, ti Agbowa àti ti Ìmọ̀ta, ó le bó ṣe le. Gbọ̀ngàn náà kò tíì là níbì kankan.

Odi ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó rí ẹsẹ̀ Súlé, ó rí tèmi. Ohun tí à ń ṣe yé e. Ó wolẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba àárín wa kọjá, bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò lórí táìlì, títí ó fi dé ìjókòó alága.