Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Dúró Mumi Mọ́

Ní ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira, Ṣómólú là ń gbé, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí àdúgbò Pedro. Akọ̀wé ni mí ní Igbóbì. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ nǹkan sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ìwà yẹn sì bá mi délé. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo ohun tó kan ọmọ mi sí: ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn, ọjọ́ tí ibà mú un, iye wákàtí tí ibà náà fi wà lára rẹ̀. Obìnrin ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun nìkan ló sì yè fún wa. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ kò pé ọdún kan tí wọ́n fi lọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyàwó mi tún lóyún, oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, a pinnu pé kí ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní abúlé. Wọn kò fún mi láyè níbi iṣẹ́ láti mú un lọ. Ó di dandan kó dá wọkọ̀ ojú irin.

Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo yàn fún un. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ọkọ̀ tó bá ti Èkó bọ̀ máa ń dúró ní abúlé wa, lẹ́yìn Abẹ́òkúta, kó lè mumi. Ẹ̀rọ tó ń fi èédú dáná kò lè ṣe kó má mumi. Àgbá omi ńlá kan wà létí irin níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn obìnrin á gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá sójú fèrèsé. Mo ti da àkókò ọkọ̀ náà kọ sínú ìwé mi lọ́dún tó kọjá, nítorí náà n kò tún bi ẹnikẹ́ni.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe ṣe lọ́nà. Ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀ nígbà náà láti Bárígà títí dé Ọbáníkòró. Gbogbo wa la sì ti mọ̀ láti ilé pé bí wọ́n bá pe ènìyàn, tí kò rí ojú ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ jẹ́. Tèmi tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní yàtọ̀ sí èmi, ìyá rẹ̀ àti ìyá mi, kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

"Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ nínú ọkọ̀ ńkọ́?" Báyìí ni mo máa ń bi í.

"N kò ní í jẹ́."

"Bí ẹni náà bá wọ aṣọ ìjọba ńkọ́?"

"N kò ní í jẹ́, Bàbá."

"Bí ẹni kan bá ní ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè?"

"Mà á ní èmi kọ́."

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nítòsí wa. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi," ó ní. "Ṣé abúlé ló ń lọ ni, àbí ojú ogun?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, nígbà tí a dé ìdíkọ̀ ojú irin, mo wá àgbàlagbà tí mo lè fi ọmọ síkàáwọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, bí gbogbo òbí ti ń ṣe. Mo rí ìyá kan tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Ìbàdàn, ará Ìlàjẹ tó ń gbé létí ọ̀sà ní Bárígà. Agbọ̀n mẹ́ta ló kó sábẹ́ ìjókòó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó ọmọ yìí. Abúlé tí ọkọ̀ ti ń mumi lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi ń dúró dè é níbẹ̀."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa pè é lọ́mọ."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, bàbá ọmọ."

Ọkọ̀ ṣí. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ tó ń fà á kò rú èéfín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń kùn bí ọkọ̀ akẹ́rù. Mo bi alááàrù kan tó dúró nítòsí pé irú ẹ̀rọ wo nìyẹn.

"Tuntun ni. Epo ló ń lò."

"Níbo ló ti máa ń mumi?"

"Omi kẹ̀? Kì í dúró mumi, ọ̀gá. Tó bá ti kúrò ní Abẹ́òkúta, ó di Ìbàdàn. Ọkọ̀ ọ̀sán ló ń dúró ní àwọn abúlé báyìí. Ẹ ò rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ni?"

Ìwé náà wà lẹ́yìn mi. Ara ògiri yẹn gan-an ni mo fara tì nígbà tí mò ń juwọ́ sí ọmọ mi.

Mo sáré wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ìdíkọ̀. Ó gbà láti tẹ wáyà sí Abẹ́òkúta kí wọ́n mú ọmọ náà sọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ó fi àwọ̀ aṣọ rẹ̀ sí i, àti bí wọ́n ṣe di irun rẹ̀, àti àpá tó wà ní orúnkún rẹ̀. Ó ní orúkọ nìkan ti tó. "Gáàdì tó ń mójú tó ọkọ̀ á pè é, á jẹ́, wọn á sì mú un sọ̀. Kí ló tún kù?" Mo kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀ fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gedegbe. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Kò tíì tó ọ̀sán nígbà tí èsì dé. Wọ́n ti pe orúkọ náà lójú gbogbo fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́.

N kò lè sọ bí mo ṣe dé Ṣómólú. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí ọmọ lè já bọ́ níbẹ̀, àti odò tó wà lábẹ́ afárá ojú irin. Mo rò ó pé kí n má sọ fún ìyàwó mi nítorí oyún, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún.

"Ta ló pè é?"

"Gáàdì."

"Tó wọ aṣọ ìjọba?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó gbọ́ wọn," ó ní. "Ó gbọ́ dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ní kó má jẹ́." Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ẹ máa lọ sí Ìbàdàn. Ẹ má jókòó."

Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ní Ọbáníkòró. Kò sí ibi tí ọkọ̀ náà ti dúró kó èrò tí n kò bá awakọ̀ fà á. Òòrùn ń rọ̀ lọ nígbà tí mo dé ìdíkọ̀ ojú irin ní Ìbàdàn. Ìyá ẹlẹ́ja jókòó lórí agbọ̀n rẹ̀ kan, ọmọ mi sì sùn sí i lẹ́sẹ̀.

"Bàbá ọmọ, ẹ kú ewu ọ̀nà," ó ní. "Ọmọ yín yìí, ká ní ẹja ni, kò sí àwọ̀n tó lè mú un. Gáàdì pe orúkọ kan ní Abẹ́òkúta títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo ní ṣé ìwọ ni, ó ní òun kọ́. Àfìgbà tí ọkọ̀ sáré kọjá abúlé yín ló tó bú sẹ́kún."

"Ẹ ò lọ sọ́jà, Ìyá."

"Ta ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún? Kò kúkú fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi. "Ẹ dìde," ó ní, "ẹ má fi eruku ba aṣọ funfun jẹ́. Ọmọ yẹn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Láti ọ̀sán ló ti ń bi mí bóyá ẹ máa nà án."

Ọmọ náà jí, ó rí mi. "Bàbá, n kò jẹ́," ó ní. "Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n pè mí." Mo gbé e mọ́ra. Bí mo bá ní ó ṣe dáadáa, irọ́ ni. Bí mo bá ní kò ṣe dáadáa, ta ló kọ́ ọ?

Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ tó ń dúró ní àwọn abúlé. Kí a tó wọ̀ ọ́, ènìyàn mẹ́ta ni mo bi. Ìyá mi wà ní ìdíkọ̀, lórí ìjókòó onígi kan. Wọ́n ní láti àná ni kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ sílé.

"Mo rí ojú rẹ ní fèrèsé," ó sọ fún ọmọ náà, ó sì ń fọwọ́ pa á lórí. "Mo pè ọ́, mo sáré, mo tún pè ọ́."

"Mo gbọ́ yín, Ìyá àgbà," ni ọmọ mi wí. "Mo jẹ́. Ọkọ̀ ló ń sáré."

Mo fẹ́ mú un padà sí Èkó lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá mi kò gbà. Ó mú ọwọ́ ọmọ náà, àwọn méjèèjì sì gba ọ̀nà abúlé lọ, èmi sì dúró síbi tí mo wà, mò ń wò wọ́n títí n kò fi rí wọn mọ́.