Aṣọ Funfun Lára Igi Àgbọn

Aṣọ náà máa ń tutù bí omi inú amù nígbà tí mo bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án láàárọ̀ ọyẹ́. Ìyá bàbá mi á di igi àgbọn náà mú, èmi á máa tú okùn, a ó sì jọ ká aṣọ ìbùsùn funfun tí wọ́n ti fi wé e láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹyín iná inú àpáàdì tó wà nídìí igi á ti di eérú, òórùn èéfín á sì wà lára ewé bíi ti ẹni tó sun ilé ìdáná. Ìyá àgbà á wá fi àtàǹpàkò tẹ mọ̀rìwò rẹ̀ wò, ewé àárín tí kò tíì là. Bó bá le, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì kí igi náà ní èdè Ègùn, kúkúrú, bí ẹni ń kí ará ilé rẹ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì ni wọ́n. Bàbá àgbà ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́hùn-ún nígbà èwe wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá àgbà wá sí Kòrò, ìlú wa. Títí wọ́n fi darúgbó, ìyá àgbà kò lè pe ilé ní "ulé" bí àwa, bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ lódò, àwọn obìnrin á máa wo ara wọn. Ìyá àgbà ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹnikẹ́ni kì í tọ́jú igi àgbọn. Orí iyanrìn ló ń hù sí, afẹ́fẹ́ òkun ló ń tọ́ ọ. Lọ́dọ̀ wa, àárín òkè ni, ọyẹ́ a sì máa mú débi pé ewúrẹ́ á sá wọ ilé ìdáná. Gbogbo àgbọn tí wọ́n gbìn láti ìgbà tí wọ́n ti délé ọkọ ni ọyẹ́ pa.

Nígbà tí bàbá àgbà kú, ìyá àgbà dẹrù, wọ́n padà sí ìlú wọn. Oṣù kan kò pé tí wọ́n tún fi dé. Ilé bàbá wọn ti wó, àwọn ọmọ tí wọ́n bá ní àdúgbò náà sì ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá. Àgbọn mẹ́ta ni wọ́n gbé bọ̀. Méjì kú nínú ọyẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀ ni wọ́n gbìn ín sí, níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń ṣàn dé ìdí rẹ̀, tí ògiri sì ń dí afẹ́fẹ́ fún un. Ọyẹ́ mẹ́rin kọjá lórí rẹ̀, ó sì ga jù mí lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sọ fún mi pé:

"Bí èyí bá so, n ó gbà pé ibí ni ilé mi."

Ó ku díẹ̀ kí n pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí ìjọba sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, olùkọ́ àwa ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ wa nípa òrìṣà, ó sì béèrè bóyá ẹnì kan nínú wa mọ ibi tí wọ́n ṣì ń bọ igi tàbí òkúta. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo fẹ́ kí ó wo èmi náà lẹ́ẹ̀kan. Mo nawọ́ sókè, mo ní nílé wa, ìyá àgbà máa ń so aṣọ funfun mọ́ igi ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbé iná sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí a kò gbọ́. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nítorí òtútù ni. Èmi ni mo ń tú okùn. N kò fi ìyẹn kún un. Olùkọ́ ní mo láyà, ó ní kí gbogbo ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ọjọ́rú, àwọn alàgbà ìjọ méjì wá sí ilé wa. Bàbá mi ń ṣe olùkọ́ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ìjọ sì ti pinnu láti fi wọ́n jẹ alàgbà ní ọdún Àjíǹde. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àlejò ni ìyá, pé wọ́n lè máà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n kí ni àwọn yóò sọ bí ìjọ bá béèrè? Mo ń retí kí bàbá mi sọ fún wọn pé òtútù ni. Bàbá mi kàn ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n gbàdúrà, àwọn àlejò sì lọ.

Nígbà tí ìyá àgbà gbé aṣọ àti ẹyín iná jáde ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá àgbà fi igi náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Nítorí òtútù ni mo ṣe ń bò ó," ìyá àgbà sọ.

"Mo mọ̀, ìyá. Àwọn ènìyàn ni kò mọ̀."

"Ìwọ tí o mọ̀, kí lo sọ fún wọn?"

Bàbá mi gba aṣọ náà, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì gbé e wọ yàrá tiwọn. Ìyá àgbà béèrè bóyá àwọn lè fi ẹní àtijọ́ bò ó, èyí tí kò funfun. Bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ná.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọyẹ́ mú jù. Òwúrọ̀ kì í mọ́ tán kí páànù tó máa dún lórí wa, ètè gbogbo wa là. Etí ewé àgbọn pọ́n, lẹ́yìn náà ó gbẹ bí ewé tábà. Ìyá àgbà á lọ dúró sí ìtòsí rẹ̀, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, kí aládùúgbò má baà rí wọn tí wọ́n fọwọ́ kàn án. Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè mí. Wọ́n di mọ̀rìwò náà mú, wọ́n rọra fà á, ó sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ti rà, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tó rà sínú omi. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sí ìró wọn.

"Ó tán," ni wọ́n wí.

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan.

Bàbá mi di alàgbà ní ọdún Àjíǹde. Ìyá àgbà kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Nígbà tí òjò dé, bàbá mi ra àgbọn kan bọ̀ láti Ìlọrin, wọ́n gbé e fún ìyá wọn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbìn ín. Ìyá àgbà dúpẹ́. Wọ́n fọ́ àgbọn náà mọ́ òkúta, wọ́n pín in fún àwa ọmọ, wọn kò tọ́ ọ wò.

Inú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ìyá àgbà kú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Yorùbá kúrò lẹ́nu wọn pátápátá, Ègùn nìkan ni wọ́n ń sọ. Bàbá mi wá ẹni tó gbọ́ ọ kiri títí dé Ararọ̀mí, wọn kò rí ẹnì kan. Wọ́n á gbé etí sí ẹnu ìyá wọn, wọ́n á ní, "Kí lẹ ń sọ, ìyá?" Ìyá àgbà á tún un sọ, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń júwe ọ̀nà. A kò mọ ohun tí wọ́n béèrè títí wọ́n fi lọ.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ti dàgbà nígbà náà lọ. Bàbá mi náà ti kú, wọn kò mọ̀ pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Fún ọdún púpọ̀ ni mo ń pe ohun tí mo ṣe ní ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó mọ òtítọ́ tó fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ kì í ṣe ọmọdé mọ́ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo ń gbé kiri nìyí, n kò sì rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Àwọn alàgbà yẹn kò mọ nǹkan kan, n kò lè bínú sí wọn. Àwa tí a mọ̀ ni ìyá àgbà ní ní gbogbo Kòrò, àwa náà la sì dákẹ́.