Ògiri Yàrá Tòmátì

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fọwọ́ ti ògiri yàrá mi, tí iná gbé mi, ni mo mọ̀ pé tòmátì màmá onílé wa ní Okokomaiko lè pa mí.

Inú yàrá tó kángun sí tèmi ni wọ́n ń gbìn ín sí. Ẹ̀rọ ló ń tọ́jú rẹ̀: bí ooru bá mú, á tan fáànù fúnra rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á fọ́n omi. Omi yẹn ló wọ inú ògiri, tó kan wáyà.

"Màmá, ògiri ń gbé èèyàn o!"

"Rọra pariwo, àwọn ọmọ mi ń sinmi."

Tòmátì ni wọ́n ń pè lọ́mọ. Síbẹ̀, wọ́n pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, páálí ni wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí tòmátì. Èmi ń fi bàtà rọ́bà rìn láàárín yàrá.

"Ìwọ àti ògiri ò tíì parí ìjà?" ni wọ́n máa ń bi mí.

Nígbà tí oníṣẹ́ iná gbé wáyà gba ibòmíràn, ó tan iná àti ẹ̀rọ tòmátì padà, ó ní ká fọwọ́ kan ògiri. Mi ò mira. Màmá dijú, wọ́n na ọwọ́ sí i.

"Bí mo bá ṣubú, ẹ má pa fáànù àwọn ọmọ mi o."

Wọn ò ṣubú. Èmi náà wá fi ìka kan ṣoṣo kàn án.