Ọ̀dà Pupa Nídìí Àga

Wọ́n ń kun géètì wa lánàá, òórùn ọ̀dà sì gbé mi padà sí Ìsọlọ̀, sọ́dọ̀ ìyá mi tó ń fi àga àti kúlà háyà fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Ọ̀dà pupa ló fi ń sàmì sí ìdí gbogbo ẹrù rẹ̀, kí ó má baà sọnù. Kò yọ sálúbàtà mi pàápàá sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a lọ kí oníbàárà rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Èjìgbò. Bí ìyá mi ṣe fẹ́ jókòó, ó kọ́kọ́ dojú àga rọ́bà tí wọ́n gbé fún un dé. Ọ̀dà pupa rèé!

“Ìyá ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi. Àga mi rèé o.”

“Háà, Àǹtí! Àwọn tó wá palẹ̀ mọ́ ló gbàgbé ẹ̀!”

Ìyá mi ṣàdúrà fún ọmọ tán, ó gbé àga lé mi lórí, ó sì ń bú olè títí a fi délé.

Kò pẹ́ ni Ìyá Sikírù yà kí wa. Òun náà ń fi àga háyà ní Ṣógúnlé, ọ̀dà búlúù sì ni àmì tiẹ̀. Bó ṣe fẹ́ jókòó ní pálọ̀, ìyá mi figbe ta.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jókòó síbẹ̀! Irú yín kọ́ ló ń jókòó sórí àga rọ́bà. Ẹ bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì mi.”

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún un. Ọjọ́ tí à ń kó kúrò nílé náà ni mo tó rí i pé gbogbo àga pálọ̀ wa ló ní ọ̀dà búlúù nídìí.