Àwọn Búútà Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mi

Ariwo ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ládàánì wa, bàbá arúgbó tó ń pe ìrun ní mọ́sáláásí tó fara ti ilé wa ní àdúgbò Gàmbàrí nílùú Ìlọrin, ló dúró sí ẹ̀yìnkùlé wa tó ń pariwo "Àsítágáfúrúláhì!" Ó sáré gbé búútà kan níbẹ̀ pé kí òun fi ṣe àlùwàlá, ó dà á sọ́wọ́, ẹrẹ̀ ló já bọ́ sí i lára, tòun ti efinrin tó hù nínú rẹ̀. Òórùn efinrin gba gbogbo àgbàlá. Mo fa aṣọ borí. Ta ni ì bá tún ṣe irú ẹ̀ bí kò ṣe ìyá mi?

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ẹrù sílùú, ẹ mọ̀ pé bí búútà bá lu nígbà náà, alágbẹ̀dẹ la ń gbé e fún. Bí apá alágbẹ̀dẹ ò bá ká a, ó di orí àkìtàn. Ìyá tèmi ńkọ́? Orí àkìtàn ló ti ń kó o bọ̀ wálé! Garawa tó ti dípẹtà, ìgò òyìnbó, àwo tánganran tó ti họ, kò sí èyí tí kì í ṣà. Ó fi búútà ṣe adìẹ: ẹnu rẹ̀ di ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ di ìrù, ó bu yẹ̀pẹ̀ sí i nínú, ó gbin efinrin sí i. Ó gé garawa bí ewé, ó so wọ́n mọ́ igi làálì, atẹ́gùn á máa fẹ́, wọn á máa dún woro-woro. Bí mo bá ráhùn, á ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ẹwà wo! Orí èmi ni ẹwà náà ń gùn bọ̀ láti àkìtàn ọjà Ìpata, táwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé kéú á máa tẹ̀ lé mi lẹ́yìn: "Sàlámọ̀ Alákìtàn! Sàlámọ̀ Alákìtàn!" Ojú á tì mí débi pé ẹkún ni mo máa ń sun wọlé.

Ládàánì kọ́ lẹni àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni tó ń kánjú lọ kírun, tó bá ti rí búútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláásí, ó gbé e nìyẹn. Ta ni yóò dúró bi búútà bóyá omi ló wà nínú ẹ̀? Ṣùgbọ́n tọjọ́ yẹn dé etí bàbá mi gan-an, ó sì jáde pẹ̀lú ìbínú.

"Ìyá Sàlámọ̀, tí Jímọ̀ tó ń bọ̀ bá bá pàǹtí kan níbí, màá hú gbogbo ẹ̀ dànù ni. Ewúrẹ́ ni màá so síbẹ̀."

Ìyá mi jókòó sáàárín àwọn adìẹ búútà rẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ẹrẹ̀ lára wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Abúlé la ti fẹ́ ẹ wá, ọmọ àgbẹ̀ ni, oko ló mọ̀. Nínú Gàmbàrí tí ògiri ti fara kan ògiri, ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ yẹn nìkan ló kù fún un. Èmi ńkọ́? Mo yọ̀. Mo ní ó tán, ìyà mi tán.

Kò tán o! Lọ́jọ́ kejì, ó kó efinrin inú wọn gbìn sílẹ̀, ó yí gbogbo adìẹ búútà dojú délẹ̀ sórí òpó. Kò sẹ́ni ní Ìlọrin tí kò mọ̀ pé búútà tó dojú délẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá to òkúta pẹlẹbẹ sí etí ọgbà, níhà mọ́sáláásí, ó gbé odù omi kan kalẹ̀, ó ra búútà tuntun tì í, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú Ládàánì: "Bàbá, ẹ má bínú. Omi àlùwàlá ti wà nílẹ̀ fún gbogbo yín." Bí wọ́n ti ń ṣàlùwàlá lórí òkúta, bẹ́ẹ̀ lomi ń ṣàn lọ sídìí làálì. Àwọn tó ń bú u ló wá ń bomi rin ọgbà rẹ̀! Jímọ̀ dé, bàbá mi yọjú, ó bá àwọn àgbààgbà níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń ṣàdúà fún onílé. Ta ni yóò hú u lójú wọn? Ó gbé búútà, òun náà ṣàlùwàlá.

Ta ló ń pọn omi ọ̀hún? Èmi ni! Ìrun márààrún, lójoojúmọ́ ayé. Bí mo bá ń kùn, á ní, "Ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná." Ata wo ni mo fẹ́ jẹ? Mo búra pé nínú ilé tèmi, ohun tó bá fọ́ ò ní sùn mọ́jú.

Nígbà tí mo délé ọkọ, mo mú ìbúra náà ṣẹ. Lọ́dún tí wọ́n rẹ́ àgbàlá mi ní sìmẹ́ǹtì, ọkọ mi ní kí wọ́n gé igi òroǹbó kan ṣoṣo tí mo gbìn. Mo ní, "Ó dáa." Mo bu omi fún àwọn tó gé e, mo gbálẹ̀ tẹ̀lé wọn. Sàlámọ̀ kékeré yẹn rò pé ìyá òun ò lójútì. Àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí ò ní ohun kan láyé tó fẹ́ràn débi tí yóò fi kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú jù.